Ẹ̀ẹ̀mejì Ni Mo Dé Ilé Málàm Gàrbá Láàárọ̀ Ọjọ́ Kan

Láti ìgbà tí mo ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, awọ ara mi ni àwọn èèyàn ń kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó kí mi. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá oòrùn ti sun mí bí iṣu. N kò jóná o. Mo dúdú díẹ̀ sí i, mo sì sanra díẹ̀, ẹ̀bi fùrá ni ìyẹn, màá dé orí rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé mo lo oṣù kan ó lé díẹ̀ ní ìlú Sókótó, nígbà tí ooru ibẹ̀ mú jù lọ láàárín ọdún, àti pé ooru yẹn gan-an ni mo wá lọ.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi ni ẹ fi òwe lé mi jáde nílé. Ẹ ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Ẹ ní ṣé kò sí ewúrẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni? Ewúrẹ́ wà, ọ̀kan tilẹ̀ jẹ ojú ewé mẹ́rin nínú ìwé tí mo ń kọ. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ pupa Sókótó yàtọ̀. Ilẹ̀ tó gbóná ni wọ́n ti bí i, ilẹ̀ tó gbóná ló ti ń jẹ, kò sì kú. Odindi ọdún mẹ́ta ni mo ti fi ń kẹ́kọ̀ọ́ láti di ọ̀mọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: kí ni ẹran ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kí ooru má bàa pa á? Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyẹn, ọ̀dọ̀ ewúrẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ló yẹ kó lọ.

Ìbọ́sílẹ̀

N kò ní fi ojú ọ̀nà dà yín láàmú. Ó jìn, ó gbo ni lára, ó sì parí. Ìbọ́sílẹ̀ ni mo rántí. Mo fi ẹsẹ̀ kan tẹ ilẹ̀ ní ibùdókọ̀, afẹ́fẹ́ kan fẹ́ sí mi lójú, mo sì bẹ awakọ̀ pé kó jọ̀ọ́ kó pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nítorí ó ń fẹ́ ooru lù mí. Awakọ̀ ní òun ti pa á tipẹ́.

Alájà Ràbí ló wá pàdé mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ta òrí àti ọṣẹ dúdú ní Sókótó. Mùsùlùmí ni òun, onítẹ̀bọmi ni wá nílé tiwa, ìyẹn kò sì fa nǹkan kan láàárín wa rí. Ó ti ẹrù mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan, ó fi mí sí ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn kò sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ náà. Ó bi í bó ṣe sùn, ó bi í nípa àárẹ̀, nípa iṣẹ́, nípa àwọn ará ilé, nípa ooru. Ọkùnrin náà ń dáhùn, òun náà ń bi í padà. Mo rò pé ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Nígbà tí a bọ́ sílẹ̀ ní Màbẹ́rà, àdúgbò tó ń gbé, mo béèrè pé níbo ló ti mọ̀ ọ́n. Alájà ní òun kò rí i rí.

Kí n tó jókòó dáadáa lórí ẹní rẹ̀, ó ti gbé igbá fùrá kan lé mi lọ́wọ́. Jéró ni wọ́n gún tí wọ́n sè tí wọ́n wá pò mọ́ wàrà kíkan, ó tutù, ó nípọn, ó sì ń ta lẹ́nu díẹ̀. Mo mu ún tán, mo wo ìsàlẹ̀ igbá, Alájà sì tún bu òmíràn. Báyìí ni sísanra mi ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó kọ́ mi, lórí ẹní yẹn náà ni. Ó ní, "Fọlákẹ́, gbọ́. Níbí, ẹni tó bá wọlé tó gbẹ́nu lé iṣẹ́ ti ba iṣẹ́ náà jẹ́. Kí wọn. Nígbà tí o bá rò pé ó ti tó, kò tíì tó." Ó kọ́ mi ní ìkíni Haúsá lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n fi ń béèrè oorun, èyí tí wọ́n fi ń béèrè àárẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń dáhùn wọn. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Èmi tí a bí sí ìlú tí ẹni tó jókòó ní ìkíni tirẹ̀, tí ẹni tó dúró ní tirẹ̀, tí ẹni tó ń jáde bọ̀ láti ilé ìwẹ̀ pàápàá kò gbọdọ̀ kọjá láìjẹ́ pé a kí i. Mo sọ fún Alájà pé kó fọkàn balẹ̀, bó bá jẹ́ ti ìkíni ni, n kò ní dójú tì í.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ara mi kọ ìlú náà. Orí mi wúwo, ẹsẹ̀ mi rọ, mo ń mu omi bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Lọ́jọ́ kẹrin, mo jí, mo sì rí i pé mo ti ń rìn bí èèyàn. Ní ojú pópó, àwọn ọmọdé a máa pè mí ní Bayarabiya, ìyẹn obìnrin Yorùbá. Bàbá kan wà tó ń dín màsà ní ìkòríta wa, àkàrà ìrẹsì rírọ̀ tí wọ́n fi ń jẹ ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Lójoojúmọ́ ló ń fi ẹyọ kan kún tèmi, ó ní nítorí pé àlejò ni mí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo sọ fún un pé mo ti kúrò ní àlejò. Ó bi mí pé ọjọ́ mélòó ni mo ti dé. Mo ní mọ́kànlá. Ó ní ẹni tó bá ṣì ń ka ọjọ́, àlejò ni, ó sì fi ẹyọ náà kún un.

Ọ̀dọ̀ Málàm Gàrbá

Àwọn ewúrẹ́ tí mo torí wọn lọ, ti Málàm Gàrbá ni wọ́n, ní àdúgbò Kofar Rini. Arúgbó gíga tẹ́ẹ́rẹ́ ni, eyín rẹ̀ pé, ojú rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín kí ẹnu rẹ̀ tó ṣí. Nígbà tó lágbára, òun ló ń kó ewúrẹ́ wá tà ní ilẹ̀ Yorùbá, títí dé Ògbómọ̀ṣọ́ wa níbí, nítorí náà ó gbọ́ Yorùbá ọjà. Kò sí "ẹ" nínú Yorùbá rẹ̀. Èèyàn ńlá, ọmọdé, ewúrẹ́, "ìwọ" ni gbogbo wa. Èmi tilẹ̀ ní orúkọ kan pẹ̀lú rẹ̀: ó ń pè mí ní Likita, ìyẹn dókítà, bẹ́ẹ̀ ìwé tó ń sọ ni di ọ̀mọ̀wé ni mo ṣì ń wá káàkiri.

Ní ilé rẹ̀, yàrá kan ni èèyàn kọ́kọ́ máa ń wọ̀ láti ìta, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò. Ògiri amọ̀ rẹ̀ nípọn, ilẹ̀ rẹ̀ tutù, ẹní dáradára sì wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, ó bi mí pé kí gan-an ni mo fẹ́ gbọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ òun. Mo ní ara ẹran, àwọn yàrá tín-ín-tín ló fi kọ́, a ń pè wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, àwọn òṣìṣẹ́ wà tí a ń pè ní purotéènì. Bí ara bá tutù, olúkúlùkù wọn á dúró bó ṣe yẹ. Bí ooru bá mú jù, wọ́n á wó, wọ́n á lọ́ mọ́ ara wọn. Sẹ́ẹ̀lì sì ní àwọn olùtọ́jú tó ń gbé wọn dìde, tó ń nà wọ́n tọ́. Àwọn olùtọ́jú yìí náà, nígbà tí wàhálà kò sí, ni wọ́n ń di ẹnì kan lọ́wọ́ mú. HSF1 ni wọ́n ń kọ orúkọ onítọ̀hún sínú ìwé. Atanijí ni èmi ń pè é.

Mo ní ooru dé, òṣìṣẹ́ wó, àwọn olùtọ́jú sáré lọ gbé wọn, wọ́n sì jọ̀wọ́ atanijí. Ṣùgbọ́n atanijí kan kò lè dá nǹkan kan ṣe. Ó ní láti rí ìkejì, ó ní láti rí ìkẹta, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta so mọ́ra. Nígbà náà ni wọ́n á lọ sí ibi tí jíìnì wà, ìyẹn àwọn àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣiṣẹ́, wọ́n á wá àmì tó wà níwájú àṣẹ tó ń pèsè olùtọ́jú, wọ́n á fara mọ́ ọn, wọ́n á sì jí i. Mo ní, ààrò mẹ́ta…

"Kì í da ọbẹ̀ nù," ni Málàm fi gbà á lẹ́nu mi. Ó ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun ti kọ́ ọ, lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń se oúnjẹ fún àwọn ọlọ́jà ẹran. Ó wá béèrè pé ta ló ń dá atanijí dúró bó bá ti jí àṣẹ tán. Ìbéèrè yẹn wú mi lórí, nítorí ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí àwọn onímọ̀ tó mọ̀ ọ́n. Mo ní àwọn olùtọ́jú tuntun náà ni. Bí wọ́n bá pọ̀ tó, àwọn kan nínú wọn á padà wá di atanijí lọ́wọ́ mú, àṣẹ náà á sì tún sùn. Mo sọ fún un pé atanijí ní àwọn ọmọ ìyá, pé ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọlẹ̀ ń dàgbà nínú ìyá rẹ̀, pé ọ̀kan wà nínú ẹyinjú tí kò tilẹ̀ dúró de ooru kó tó ṣiṣẹ́.

Ó ní òun kò mọ orúkọ wọn, ṣùgbọ́n òun mọ̀ wọ́n. Ó ní bí ọyẹ́ bá ti ń lọ, òun a máa mú àwọn ọmọ ewúrẹ́ jáde sínú oòrùn díẹ̀díẹ̀. Ewúrẹ́ tí oòrùn kékeré ti nà, oòrùn ńlá kì í pa á. Mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn sínú ìwé mi, mo sì rántí ara mi, bó ṣe kọ ìlú fún ọjọ́ mẹ́ta tó wá gbà á lọ́jọ́ kẹrin.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe kò le. Mo fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lọ́rùn ewúrẹ́ mẹ́wàá láàárọ̀ nígbà tí ara wọn tutù, tí àṣẹ yẹn ń sùn. Mo tún fẹ́ fà á lọ́sàn-án, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹ̀ nínú oòrùn bí wọ́n ṣe ń jẹ̀ lójoojúmọ́, tí àṣẹ náà ti jí. Bí ẹ̀jẹ̀ òwúrọ̀ kò bá sí, ẹ̀jẹ̀ ọ̀sán kò sọ nǹkan kan. Ẹni tí kò gbọ́ ìdákẹ́jẹ́, báwo ló ṣe fẹ́ mọ ìgbà tí ariwo bẹ̀rẹ̀?

Málàm gbà. Ó sì ṣe é tọkàntọkàn. Kí n má bàa fi aṣọ àlejò wọ ọgbà ewúrẹ́ tó ń rùn, àárọ̀ tí mo bá ń bọ̀, ó ti máa ń kó àwọn mẹ́wàá jáde, ó ti so wọ́n sí ìta gbangba níwájú ilé, wọ́n tò bí ọmọ ilé ìwé. Ní nǹkan bí aago mẹ́jọ ni mo ń dé. Màá wọlé, màá kúnlẹ̀, màá kí i ní Haúsá bí Alájà ṣe kọ́ mi. Òun náà á kí mi ní Haúsá, á wá bọ́ sí Yorùbá nítorí tèmi, èmi náà á sì tú àpò ìkíni Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀. Yàrá náà tutù, ọkàn mi balẹ̀, mo ń rò ó pé àárọ̀ yìí tura gan-an. Lẹ́yìn náà la ó wá jáde sọ́dọ̀ ewúrẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ òwúrọ̀ kò sùn

Ilé àyẹ̀wò tí wọ́n yọ̀ǹda fún mi wà ní òpópónà Sámà. Ẹ̀rọ tí mo ń lò níbẹ̀ a máa fa ìlà kan fún ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí àṣẹ olùtọ́jú bá ti jí, ìlà rẹ̀ á tètè gòkè. Bó bá ń sùn, ìlà rẹ̀ á pẹ́ nílẹ̀. Mo jókòó síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ bí ẹni tó ń dúró de ọbẹ̀ tó ń hó.

Ìlà ọ̀sán gòkè. Ìlà òwúrọ̀ náà gòkè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba.

Mo ní bóyá ọwọ́ mi ló gbọ̀n. Mo padà lọ fa ẹ̀jẹ̀ mìíràn lọ́jọ́ mìíràn, bákan náà ló rí. Mo ṣe ẹ̀kẹta. Àwọn ìlà méjèèjì ń bá ara wọn rìn bí ìbejì. Mo pe ọ̀gá mi tó ń darí ẹ̀kọ́ mi nílé, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí bóyá mo kọ orúkọ sára àwọn ìgò dáadáa. Ọ̀gá mi kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ìgbà tó gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ pa ilé ìwé tì ló sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Oògùn kan wà nínú àwọn ìgò tí mo ń gba ẹ̀jẹ̀ sí tó ń dá ohun gbogbo dúró bó ṣe wà lákòókò tí a fà á. Ìgò tó kù fún mi, òwúrọ̀ kan àti ọ̀sán kan péré ló tó. Òjò sì ti ń ṣú lẹ́bàá ọ̀run, bó bá bẹ̀rẹ̀, ooru tí mo tìtorí rẹ̀ wá yóò bá a lọ. Ọ̀gá mi ní kí n lo ìgò tó kù yẹn, ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ òwúrọ̀ kò bá dákẹ́, kí n di ẹrù mi kí n máa bọ̀ nílé, a ó wá iṣẹ́ mìíràn fún mi. Ọdún mẹ́ta. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì sunkún níbẹ̀. N kò fi pamọ́ fún yín.

Òrí Alájà

N kò lè dá jókòó nílé lọ́jọ́ kejì, mo bá tẹ̀ lé Alájà lọ sí ọjà. Ó pàtẹ òrí rẹ̀ sínú àwọn abọ́ funfun, ó sì fi ẹní kékeré bò ó lórí. Mo ń ròyìn fún un, ó ń mi orí. Obìnrin kan dé, oníbàárà àtijọ́. Bí ìkíni ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo rí i pé Alájà ń bi í nípa oorun, ọwọ́ rẹ̀ ń fa abọ́ òrí sẹ́yìn. Ó ń bi í nípa àárẹ̀, ó ń ti abọ́ náà sábẹ́ tábìlì. Nígbà tí wọ́n dé orí àwọn ọmọ, gbogbo òrí ti wà nínú òjìji.

Obìnrin náà ra tirẹ̀, ó lọ. Mo bi Alájà pé kí ló ń kó ọjà pamọ́ fún. Ó ní, "Tí n kò bá kó o wọlé, kí a tó kíra tán, ó ti di epo." Ó wò mí títí. Ó ní, "Fọlákẹ́, nígbà tí ìwọ àti Málàm bá ń kíra yín, níbo làwọn ewúrẹ́ máa ń wà?"

Mo fa fóònù mi yọ. Mo ti ya àwòrán ẹnu ọ̀nà Málàm lọ́jọ́ kan bí mo ṣe ń bọ́ nínú kẹ̀kẹ́, aago sì wà lórí rẹ̀. Mo wá aago tí mo kọ sára ìgò àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì ló wà láàárín wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì, èmi àti Málàm wà nínú yàrá tútù, ọmọlúàbí pàdé ọmọlúàbí, àwọn ewúrẹ́ sì wà nínú oòrùn gbangba, atanijí ti rí ìkejì, ó ti rí ìkẹta, ó ti jí gbogbo ilé. Ẹ̀jẹ̀ tí mo ń pè ní tútù, ìkíni ti sè é jinná.

Alájà rẹ́rìn-ín títí tó fi di ìbàdí mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín, omijé sì wà lójú mi. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ fi òwe ṣòkòtò lé mi, ẹ jàre díẹ̀: ohun tó ba iṣẹ́ mi jẹ́ ní Sókótó, láti ilé ni mo ti gbé e dání.

Ìdé àkọ́kọ́, ìdé kejì

Ó ku bí a ó ṣe sọ ọ́ fún Málàm. Kò ní tó kó so ewúrẹ́ sábẹ́ igi. Lílé wọn jáde, síso wọn, gbogbo ìyẹn ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Inú ọgbà wọn ni mo gbọ́dọ̀ bá wọn, bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Kí n tó dé ọgbà, mo ní láti gba iwájú Málàm kọjá. Bí mo bá sì kí i, a ti wọ̀ ọ́ nìyẹn; oòrùn á ti yọ bá wa níbẹ̀. Ṣé kí n wá sọ fún baba arúgbó pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí mi"? Mo bẹ Alájà kó bá mi sọ ọ́. Ó ní òun ṣì fẹ́ máa gbé ní Sókótó.

Mo lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà fúnra mi. Mo kí i délẹ̀, mo sì ròyìn gbogbo rẹ̀, títí kan òrí Alájà. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, ẹ̀rín ń kúrò lójú rẹ̀. Ó ń ka tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀. Ó wá ní láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé yẹn, láyé baba òun, kò sí ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá tí a kò kí. Mo ní mo mọ̀, pé kó dárí jì mí, pé bóyá kí n kúkú máa lọ sílé.

Ó bi mí pé, "Likita, ìwọ bá dé lọ́la, èmi rí ìwọ, èmi gbọ́dọ̀ kí ìwọ. Bẹ́ẹ̀ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Èmi ò bá rí ìwọ ńkọ́?"

N kò tètè mọ ibi tó ń lọ. Ó fi ọwọ́ na ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Èmi á kọjú síbẹ̀. Ìwọ wọlé, ìwọ ṣe iṣẹ́, ìwọ jáde. Ìwọ ò tíì dé. Ìgbà tí ìwọ jáde tán, ìgbà yẹn ni ìwọ dé."

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán lọ́jọ́ kejì tí kẹ̀kẹ́ fi já mi sí Kofar Rini. Mo bọ́ bàtà mi kó má ṣe ariwo. Málàm wà lórí ẹní rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, iwájú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri, ọwọ́ rẹ̀ ń ka tẹ̀sùbáà. Ẹ gbà mí gbọ́, orúnkún mi tẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo di òpó ilẹ̀kùn mú, mo gbé ara mi dìde, mo sì gba ẹ̀yìn àgbàlagbà kọjá láìsọ ọ̀rọ̀ kan, nǹkan tí n kò ṣe rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Ojú tì mí bí ẹni tó wá jalè.

Àwọn ewúrẹ́ dùbúlẹ̀ nínú ọgbà, wọ́n ń jẹ àpọ̀jẹ. Mo ń kúnlẹ̀ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, mo ń ti ìgò sínú yìnyín. Mẹ́sàn-án dákẹ́. Èyí tó ṣìkẹwàá fi igbe bọnu, igbe gígùn tó dún ká gbogbo ilé, bí ẹni pé ó ń sọ fún Málàm pé àlejò wà níbí. Láti inú ọgbà, mo ń wo ẹ̀yìn Málàm gba ẹnu ilẹ̀kùn. Kò yíjú padà. Ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń gbé mì.

Mo tún gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, mo bọ́ sí ìta, mo wọ bàtà mi. Mo tún gèlè mi wé. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ orí lórí àwọn ilé. Mo wá dúró sí ẹnu ọ̀nà, mo ní, "Salamu alaikum."

Ó yíjú padà. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó ti ń retí mi láti ọdún tó kọjá. "Likita! Ìwọ dé! Ina kwana?" Ó ń béèrè bí mo ṣe sùn. Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, àwọn orúnkún mi méjèèjì rí ibi sinmi. A kíra lọ́jọ́ náà débi pé ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ láti ẹ̀yìnkùlé bóyá èèyàn mìíràn ló dé. Kò sí ewúrẹ́ tó ń dúró dè wá. Lọ́sàn-án, nígbà tí wọ́n jẹ̀ dé, mo fa ẹ̀jẹ̀ kejì.

Ní òpópónà Sámà, mo fi ọwọ́ bo ojú, mo ń fi àlàfo ìka wo ẹ̀rọ. Ìlà ọ̀sán gòkè. Ìlà òwúrọ̀ wà nílẹ̀. Ó wà nílẹ̀, ó wà nílẹ̀, ó ń sùn bí ọmọ tó yó. Gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, títí kan ti aláriwo yẹn. Mo jó yí tábìlì ká. Mo pe ọ̀gá mi, inú rẹ̀ dùn, ohùn rẹ̀ sì padà le bó ṣe yẹ. Ó bi mí pé kí ni mo yí padà. Mo ní, "Ẹ̀yin sà, ẹ̀yìn ìgbà tí mo ṣiṣẹ́ tán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé." Ó ní kí n lọ mu omi kí n sì jókòó sábẹ́ igi.

Ìdágbére

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí mo ń múra àtibọ̀. Alájà di òrí sínú ẹrù mi, bí ẹni pé kì í ṣe ọ̀nà ọ̀dọ̀ wa ni òrí náà ti wá. Bàbá onímàsà fi ẹyọ méjì kún tèmi, ó ní ẹyọ kan ti àlejò, ẹyọ kan ti ẹni tó ń lọ.

Kofar Rini ni mo fi ṣe ìkẹyìn. Ìyàwó Málàm ti di ẹran gígún tí wọ́n fi ata yan sínú ike kan fún màmá mi tí kò rí rí. Mo jókòó lórí ẹní, mo sì sọ fún Málàm pé iṣẹ́ mi ti yọrí, pé orúkọ rẹ̀ á wà nínú ìwé náà níbi tí mo ti ń dúpẹ́. Ó ní kí n fi ti ewúrẹ́ kẹwàá náà sí i. A rẹ́rìn-ín. Mo ti fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ ìdágbére Haúsá lọ́dọ̀ Alájà, mo sì gbé e sẹ́nu, mo dìde.

Bí mo ṣe dìde, Málàm yí ara rẹ̀ lórí ẹní, ó sì kọjú sí ògiri.

Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́, pé mo ti fo ìkíni kan. Mo pè é. Kò yíjú padà. Ó ní, "Likita, èmi ò rí ìwọ. Èmi ò bá rí ìwọ kí ìwọ jáde, ìwọ ò tíì lọ."

Mo gbé ìdágbére mi mì. Mo bọ́ bàtà mi, mo gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá jẹ́jẹ́ bí mo ṣe ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà, n kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan títí mo fi dé inú kẹ̀kẹ́. Bí mo ṣe ń kọ èyí ní Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí, n kò tíì kúrò ní ilé Málàm Gàrbá.